Bí ẹ ṣe máa mọ orílẹ̀-èdè tó máa bá ọ̀rẹ́ ẹ̀ lọ sójú ogun àti èyí tó kàn ń fẹnu jà

Tẹ́ ẹ bá gba Yaba kọjá láàárọ̀ Sátidé, ẹ máa rí wa níwájú fẹ́ńdọ̀, àwa tá à ń ka àkọlé ìwé ìròyìn lọ́fẹ̀ẹ́ tá ò sì ní ra ẹyọ kan. Ibẹ̀ ni mo ti pàdánù kátọ̀n mọ́ọ̀tì kan lọ́dún 2023. Àwọn sójà ti gbàjọba lọ́wọ́ Bazoum tó jẹ́ ààrẹ Niger ní July 26, ECOWAS ṣèpàdé l'Ábújá, wọ́n ní káwọn sójà yẹn dá a padà sípò láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn lè lo agbára, Tinubu wa yìí náà ló sì ń ṣe alága wọn nígbà yẹn. Mo ní ó parí, sójà wa ti wọ Niamey, olú ìlú wọn, nìyẹn, ni mo bá Bàbá Ṣadé fọkanáísà ta kátọ̀n kan. Ọ̀sẹ̀ kan pé, ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, ẹnì kankan ò kúrò nílé.

Ìtìjú yẹn ló jẹ́ kí n kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka irú ìròyìn bẹ́ẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ fi ariwo olórí sílẹ̀. Níbí, section 5 nínú òfin 1999 ló ń ṣọ̀rọ̀ náà: ààrẹ ò lè kéde ogun láìjẹ́ pé ilé aṣòfin méjèèjì jókòó pọ̀ fọwọ́ sí i, kò sì lè kó sójà lọ jà nílẹ̀ onílẹ̀ láìgba àṣẹ Sẹ́nétì (àyè kékeré kan wà tí ewu bá ti dé ẹnu ọ̀nà, àmọ́ ó ṣì máa wá bá wọn láàárín ọjọ́ méje). Tinubu kọ lẹ́tà sí wọn lóòótọ́, wọ́n ní kó lọ fẹnu yanjú ẹ̀. Àwọn sẹ́nétọ̀ Àríwá ló le jù, ẹ ò sì lè bá wọn wí, ìpínlẹ̀ méje ló bá Niger pààlà, láti Kebbi títí dé Borno, wọ́n jọ ń fẹ́ra wọn, wọ́n jọ ń nájà, àwa tá a wà l'Ékòó tí bọ́ǹbù ò lè dé ọ̀dọ̀ wa la kàn ń pariwo pé ẹ lọ fọ́ wọn.

Bákan náà ni fáwọn Òyìnbó o. August 29, 2013, Cameron tó jẹ́ olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà yẹn fẹ́ bá Amẹ́ríkà lu Síríà, pálímẹ́ńtì ẹ̀ dìbò, 285 ní rárá, 272 ní bẹ́ẹ̀ ni, ó jókòó jẹ́jẹ́.

Tẹ́ ẹ bá wá ń ka ìbò, ẹ ka òfin tí wọ́n fi ń dìbò náà mọ́ ọn. Ti Tọ́kì ni mo fẹ́ràn jù. Amẹ́ríkà fẹ́ gba ilẹ̀ wọn wọ àríwá Ìráàkì, March 1, 2003 làwọn aṣòfin wọn dìbò: 264 ní kí wọ́n máa bọ̀, 250 ní rárá. Bàbá Ṣadé ní ṣebí bẹ́ẹ̀ ni ló wọlé. Irọ́ ni! Àwọn 19 kan wà níbẹ̀ tí wọn ò ṣe tibí tí wọn ò ṣe tọ̀hún, gbogbo wọn wá jẹ́ 533, ẹni tó bá sì máa wọlé gbọ́dọ̀ ju ìdajì gbogbo ẹni tó jókòó lọ, ìyẹn 267. Ìbò mẹ́ta péré! Ọkọ̀ ojú omi tó kó ẹrù ogun Amẹ́ríkà ti ń dúró lórí òkun lọ́hùn-ún, ló bá di pé kí wọ́n yí gba Suez lọ sí Kuwait.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ka ìwé àdéhùn wọn fúnra yín. Gbogbo ìgbà làwọn èèyàn máa ń sọ pé tí wọ́n bá ti fọwọ́ kan ọ̀kan nínú NATO, ẹgbẹ́ ogun Amẹ́ríkà àtàwọn ará Yúróòpù, gbogbo wọn ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Article 5 wọn ò sọ bẹ́ẹ̀ tán, ó ní kálukú máa ṣe èyí tóun bá rí pé ó yẹ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sì tíì pè é, lẹ́yìn September 11, 2001. Tó bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn ló gbógun lọ bá ẹlòmíì ńkọ́? Kò sí nínú ìwé. Ìdí nìyẹn tí Chirac ti Faransé àti Schröder ti Jámánì fi rọ́nà sọ pé àwọn ò bá Amẹ́ríkà lọ Ìráàkì lọ́dún 2003, tí Blair ti Gẹ̀ẹ́sì sì lọ. Ítálì tó bá Austria àti Jámánì ṣàdéhùn ti ṣe é ṣáájú wọn lọ́dún 1914, ó ní Austria ló lọ bẹ̀rẹ̀ ìjà, òun ò sí níbẹ̀, nígbà tó tiẹ̀ máa di 1915 ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀tá ló bọ́ sí.

Àmọ́ ẹ má gba "rárá" gbọ́ tán o. Jámánì tí ò kó sójà lọ yẹn ò ti bárékè Amẹ́ríkà tó wà nílẹ̀ ẹ̀ pa, bàálù wọn ń gba ojú ọ̀run ẹ̀ kọjá.

Ẹ tún wo ẹni tó máa gbè sẹ́yìn ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ lù. Mali àti Burkina Faso ní ẹni tó bá fọwọ́ kan Niger ti kéde ogun sáwọn náà, nígbà tó yá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ẹgbẹ́ tiwọn, wọ́n sì kúrò ní ECOWAS pátápátá ní January 2025.

Ẹni tó bá sì ní ECOWAS ò lè jà láìfohùn ṣọ̀kan, ẹ rán an létí ECOMOG, àwọn sójà tí ECOWAS kó jọ, August 1990 ni wọ́n balẹ̀ sí Monrovia ní Làìbéríà, Burkina Faso ò fara mọ́ ọn, wọ́n sì lọ, torí Nàìjíríà ló kó sójà tó pọ̀ jù wá. Bàbá Ṣadé ló fi ìyẹn gún mi lójú níjọ́ kejì, àbúrò ẹ̀ wà níbẹ̀. Mo ṣì jẹ ẹ́ ní mọ́ọ̀tì méjìlá.