Bá A Ṣe Lè Tún Títì Ṣe Fáwọn Ọmọdé

Ẹ kọ́kọ́ lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì àdúgbò yín ná. Ọmọ ọdún mẹ́ta ò ju bíi 95 sẹ̀ǹtímítà lọ, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti wò ó. Mọ́tò tí wọ́n páàkì, tẹ́yin ń wo orí ẹ̀ kọjá, ògiri ló jẹ́ lójú ọmọ yẹn, kò rí mọ́tò tó ń bọ̀, dírẹ́bà náà ò sì ní rí i àfi tó bá já sójú títì, ó sì lè ti pẹ́ jù nígbà yẹn. Torí ẹ̀, ẹ ní káwọn aláṣẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni páàkì nítòsí ibi táwọn èèyàn ti ń sọdá.

Eré mọ́tò ló kàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ní kó má ju 30 kílómítà ní wákàtí kan lọ níbi tẹ́lẹ́sẹ̀ àti mọ́tò bá ti jọ ń lo títì, àmọ́ pátákó nìkan ò tó o! Ẹ bèèrè fún bọ́ǹpù, kí wọ́n sì jẹ́ kí kọ́nà mú dáadáa, torí kọ́nà tó bá fẹ̀, eré ni dírẹ́bà máa fi yà á.

Ẹ ti kẹ̀kẹ́ ọmọ ọwọ́ gba ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, ibi tẹ́ ẹ bá ti ní láti gbé e sókè, ẹ ya fọ́tò ẹ̀, ibẹ̀ náà ni kẹ̀kẹ́ arọ ò ti ní lè kọjá.

Iwájú iléèwé ńkọ́? Kí wọ́n dí i mọ́ mọ́tò láàárọ̀ àti nígbà táwọn ọmọ bá jáde.

Ẹ bi àwọn ọmọ fúnra wọn pé ibo lẹ̀rù ti ń bà wọ́n, wọ́n á fi hàn yín.