Bí a ṣe ń yẹ Bentley àtijọ́ wò kí a tó sanwó

Rolls-Royce ra Bentley ní 1931. Láti 1933 títí di 1939 ni wọ́n fi ṣe irú Bentley tí a ń sọ yìí ní Derby, ìlú kan ní England: ẹ́ńjìnnì onísìlíńdà mẹ́fà, 3,669 cc lákọ̀ọ́kọ́, 4,257 cc láti 1936. Ẹ́ńjìnnì àti ṣásí nìkan ló ń ti Derby jáde. Àwọn akanbọ́dì bíi Park Ward ló ń kan ìyókù lé e lórí, igi ash, igi ilẹ̀ òyìnbó kan, ló sábà máa ń jẹ́ egungun, páànù ni awọ. Ọ̀dà tó ń dán kò sọ nǹkan kan fún yín nípa egungun yẹn, ibẹ̀ sì ni owó olùrà máa ń wọlé sí.

Bí àbúrò yín tó wà ní London bá fi fọ́tò ọ̀kan ránṣẹ́ sí yín ní Kàbà tàbí Ìsánlú, pé wọ́n ti tún un ṣe, ẹ ní kó lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, jáàkì, sukudiráfà ẹlẹ́nu tínrín àti aṣọ iṣẹ́. Kó fi wákàtí mẹ́ta sílẹ̀.

Mágínẹ́ẹ̀tì tí a fi ń wá fílà, ìyẹn pútì tí wọ́n fi ń dí ibi tó wó lára bọ́dì, lára tokunbo kò wúlò níbí. Púpọ̀ nínú àwọn bọ́dì yìí jẹ́ álúmíníọ̀mù, mágínẹ́ẹ̀tì kì í sì í lẹ̀ mọ́ ọn, fílà wà níbẹ̀ o, kò sí o. Èékánná ni kó fi kàn án. Páànù lásán á dún gán-gán, ibi tí fílà nípọn á dún bí ẹni ń kan pákó.

Ilẹ̀kùn ló kàn. Kó ṣí i dé ìlàjì, kó di etí rẹ̀ mú, kó máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, kí ojú rẹ̀ wà lára híńjì. Bí ilẹ̀kùn bá ń mì ṣùgbọ́n tí ewé híńjì dúró gbọn-in lára òpó, irin àárín híńjì ló jẹ. Owó kékeré ni. Bí ewé híńjì pẹ̀lú ìdè rẹ̀ bá jọ ń mì, igi tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti rà, wọ́n á sì ní láti ṣí páànù kúrò kí wọ́n tó lè pààrọ̀ òpó. Ìyẹn ni owó ńlá.

Kó ká kápẹ́ẹ̀tì sókè, kó fi sukudiráfà gún ìsàlẹ̀ àwọn òpó, igi abẹ́ ẹnu ilẹ̀kùn àti etí búùtù. Igi tó yè kò ní gbà á wọlé. Èyí tó ti kú á gbé e mì bí iṣu jíjẹrà. Bó bá rí ihò wínníwínní, kó wo ìsàlẹ̀ rẹ̀: ìyẹ̀fun tuntun túmọ̀ sí pé kòkòrò ṣì wà nínú ilé. Bí òrùlé bá ní fèrèsé, kó da ife omi kan sí igun rẹ̀. Abẹ́ ọkọ̀ ló yẹ kí omi náà ti jáde. Bí kò bá jáde, inú igi ló lọ.

Kafíńtà wa lè ní kí a fi ìrókò rọ́pò òpó tó bàjẹ́, nítorí ikán kì í fẹ́ràn rẹ̀, tí ash sì jẹ́ oúnjẹ fún ikán. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ash ń tẹ̀ láìṣẹ́ nígbà tí ṣásí bá ń lọ́, ìrókò kì í sì í tẹ̀ tó o. Ash ni kí ẹ béèrè.

Kó fọwọ́ kan rédíétọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ṣíná. Bó bá ti lọ́wọ́ọ́rọ́, ẹni tó ń tà á ti jí ẹ́ńjìnnì kí àlejò tó dé, nítorí pé àárọ̀ tútù ló ń tú àṣírí. Kó ní òun á padà wá lọ́la. Bí ìdérí ọ́ìlì bá ní ìfóòfó funfun bí ẹ̀kọ, ó ṣeé ṣe kí omi ti wọ ọ́ìlì. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójú ọ̀nà, kó jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ lójú kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí géèjì bá ń gùn láìdúró nínú òtútù England, ẹ wo bí yóò ti rí ní oṣù kẹta, lẹ́yìn tírélà, lójú ọ̀nà Kàbà sí Ọbájánà! Ìpẹtà ló sábà máa ń dí ọ̀nà omi inú búlọ́ọ̀kù, rédíétọ̀ tuntun kò sì lè wo ìyẹn sàn.

Búrékì rẹ̀ yàtọ̀. Ara gíá ni ohun tó ń ràn án lọ́wọ́ ti ń gba agbára, nítorí náà ó le lẹ́sẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá dúró. Kì í ṣe àléébù. Bó bá ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí eré ni kó bẹ̀rù. Gíá 1 àti 2 lè pariwo bí awakọ̀ kò bá mọ̀ ọ́n wọlé, torí 3 àti 4 nìkan ló ní ohun tó ń mú wọn bára mu. Gíá tó ń fò jáde fúnra rẹ̀ ni àìsàn.

Kó fi jáàkì gbé iwájú, kó di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kó mì í, kí ẹnì kejì tẹ búrékì. Bí ìmì bá dá, bẹ́árìn táyà ni. Bí kò bá dá, kíńgípíìnì, irin tí táyà iwájú fi ń yí sọ́tùn-ún sósì, ti jẹ, ọ́ìlì tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ fún káàkiri ṣásí ló sì sábà máa ń jẹ́ pé kò dé ibẹ̀ mọ́. Abẹ́ ọkọ̀ tó gbẹ táútáú, tó mọ́ jù, kì í ṣe àmì rere.

Nọ́mbà ṣásí ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú B, lẹ́tà méjì ló sì ń parí rẹ̀. Rolls-Royce Enthusiasts' Club ní England ní ìwé ilé iṣẹ́ tó fi bí ọkọ̀ ṣe jáde hàn. Ẹ fi nọ́mbà náà bá wọn. Wọ́n ti tú bọ́dì ọ̀pọ̀ ọkọ̀ olórùlé dànù láti fi ṣe aláìlórùlé, nítorí náà ọkọ̀ tó ṣì wọ bọ́dì àkọ́kọ́ rẹ̀ níye lórí ju èyí tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ lọ.

Apá ọ̀tún ni sitiárìn rẹ̀ wà, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ọ̀tún ni Nàìjíríà ti ń wakọ̀ láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972. Òfin wà lórí irú sitiárìn bẹ́ẹ̀, òfin tún wà lórí ọjọ́ orí ọkọ̀ àlòkù tó ń wọlé. Ẹ gba èsì kọ́sítọ́ọ̀mù ní kíkọ sílẹ̀ kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ kan lélẹ̀. Bó bá jẹ́ rárá, London ni ọkọ̀ náà yóò máa gbé, ẹ ka owó gáréèjì ibẹ̀ mọ́ iye tí ẹ fẹ́ san.