Ètò Iná Ọjọ́ Kan fún Ilé Tàbí Oko Tó Ń Lo Sólà àti Jẹnẹrétọ̀

Níbi tí páńẹ́ẹ̀lì sólà, bátìrì àti jẹnẹrétọ̀ bá ti jọ ń gbé iná kan náà, alẹ́ ni kí ẹ ti ṣètò ọjọ́ kejì. Ẹ kọ gbogbo ohun tó máa lo iná sílẹ̀, kí ẹ fi iye wákàtí tí yóò fi ṣiṣẹ́ sọ wáàtì rẹ̀ di púpọ̀. Ẹ̀rọ afami 750 wáàtì tó bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí 4 yóò jẹ 3,000 wáàtì-wákàtí.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣírò oòrùn, ẹ má sì ṣe ojúkòkòrò sí i. Páńẹ́ẹ̀lì tí wọ́n kọ kílówáàtì 5 sí lára kì í sábà mú 5 wá. Bí ara rẹ̀ bá gbóná dé 60 dígírì, ooru nìkan ti gba bí ìdá kan nínú méje, ká má tíì sọ ti eruku. Ẹ kà á sí 4 lọ́sàn-án gangan tí ojú ọ̀run bá mọ́. Ìkùukùu tó bá gba iwájú oòrùn kọjá lè já a sí 1 láàárín ìṣẹ́jú kan.

Bátìrì ló ń dí àlàfo yẹn. Bí ohun tí ẹ ń lò bá jẹ́ kílówáàtì 4, bátìrì 48 fóòtì (48V) gbọ́dọ̀ pèsè 3 tó kù lójijì, ìyẹn sì ju 60 ámíńpíà lọ. Bí wáyà bá tínínrín, á gbóná, fóòtì á wálẹ̀, ínfátà, ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di iná tí ilé ń lò, á sì pa ara rẹ̀ nígbà tí iná ṣì wà nínú bátìrì. Bátìrì ni àwọn èèyàn sábà máa ń dá lẹ́bi. Ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kan ara wáyà náà, níbi tí rọ́bà ti bò ó, kí ẹ wò ó bóyá ó gbóná.

Iṣẹ́ tó wúwo, bí omi fífà àti ọkà lílọ̀, kí ó bọ́ sí aago 10 sí aago 2. Omi tó kún táńkì lọ́sàn-án, iná alẹ́ ni ẹ tọ́jú yẹn. Ẹ má tan mótò méjì pọ̀: bí mótò bá ń gbéra, ó lè gba ìlọ́po 5 iná tó ń lò tó bá ti ń yí. Ẹ jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ fìdí múlẹ̀ ná.

Ti jẹnẹrétọ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣì ṣe. Ẹ má dúró títí bátìrì yóò fi gbẹ; bí bátìrì náà bá jẹ́ olójé (lead-acid), ìdajì ni kí ẹ ti tan jẹnẹrétọ̀. Ẹ má sì fi gbé gílóòbù díẹ̀ lásán. Èyí tó ń lo dísù, tí ẹrù rẹ̀ kò tó ìdá 30 nínú 100 agbára rẹ̀, kì í jó epo tán. Ọ̀rá dúdú á máa kán lẹ́nu páìpù èéfín. Ẹ jẹ́ kí ó máa gbé ẹ̀rọ ọkà lílọ̀, kí ó sì máa ṣááji bátìrì lẹ́ẹ̀kan náà. Tí bátìrì bá dé ìdá 80 nínú 100, ẹ pa jẹnẹrétọ̀: díẹ̀díẹ̀ ni èyí tó kù ń wọlé, oòrùn ni kí ó parí rẹ̀. Àmọ́ bátìrì olójé gbọ́dọ̀ kún dẹ́nu ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ó pẹ́ tán, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ nǹkan funfun á le mọ́ òjé inú rẹ̀. Ti lithium kò nílò ìyẹn.

Bí ó bá di aago 11 tí bátìrì kò tíì gòkè, ẹ sún ọkà lílọ̀ sí ọjọ́ kejì.