Bátìrì tó ń ta ẹ́ńjìnnì kọ́ ni ti orin

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ọkọ̀ ojú omi lọ láti Ìgbòkòdá, àti ẹ̀yin oníwáyà wa l'Ákùúrẹ́ níbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi bátìrì ẹ́ńjìnnì gbọ́ orin mọ́. Ó ti ṣe mí rí. Orin ń dún kíkankíkan, a ń gbádùn, ìgbà tí ilé yá, ẹ́ńjìnnì ní òun ò ta. Àjẹ̀ la fi wa ọkọ̀ dé èbúté!

Ẹ ra bátìrì kejì, irú èyí tí wọ́n ń pè ní deep cycle (èyí tó ṣeé lò pẹ́ kí ẹ tó tún un chárjì), kí ẹ yà á sọ́tọ̀ fún rédíò àti amplifier. Wáyà dúdú bátìrì méjèèjì ni kí ẹ so pọ̀. Wáyà pupa ò gbọdọ̀ kan ara wọn tààrà. Súìṣì tí a fi ń yan bátìrì ni kó wà láàárín wọn. Ẹni tó bá so pupa ọ̀kan mọ́ dúdú èkejì, volt 12 ti di 24 nìyẹn, amplifier á sì jóná.

Fíùsì ńkọ́? Ẹ fi sí tòsí orí bátìrì gan-an, kó má ju bíi sẹ̀ǹtímítà 18 lọ. Bí wáyà bá bó ṣáájú fíùsì, kò sóhun tó máa dá iná dúró, bẹ́ẹ̀ bẹntiróòlù wà nínú ọkọ̀.

Wáyà kọ́pà lásán kì í pẹ́ lójú omi iyọ̀ ìhà Ayétòrò, ó máa ń dípẹtà, á sì pọ́n bí àwọ̀ ewé. Èyí tí wọ́n fi tin bò ni kí ẹ rà.

Tí mítà bá fi volt 12.2 hàn lẹ́yìn tí orin ti dákẹ́ fúngbà díẹ̀, bátìrì ti lọ dé ìdajì. Ẹ má tan orin padà mọ́.