Owó ń lọ, kídìnrín ń lọ: àwọn àṣìṣe tí mò ń rí lẹ́nu iṣẹ́ mi

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ (dáyálísíìsì), níhìn-ín n'Ìbàdàn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n gbé mẹkáníìkì kan wá, ọmọ ọdún 41. Ìyàwó rẹ̀ di àpò ọ̀rá kan mú, mo sì rò pé ìwé àyẹ̀wò ló wà níbẹ̀. Ìgò òfìfo ló kó jáde, mẹ́rìnlá, ìgò oògùn tí wọ́n ní ó ń fọ kídìnrín. Ó fẹ́ kí á mọ̀ pé àwọn ò fọwọ́ lẹ́rán, pé àwọn náwó. Creatinine ọkùnrin náà, ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí kídìnrín máa ń sẹ́ dànù, ti lé ní 18. Ti ẹni tí kídìnrín rẹ̀ dá ṣáṣá kì í sábà kọjá 1.3. Kò sì ṣàyẹ̀wò ìtọ̀ rí láyé rẹ̀.

Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ mi bá le, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀. Owó ìgò wọ̀nyẹn ì bá ti san àyẹ̀wò ìtọ̀ fún gbogbo agboolé rẹ̀.

Èkíní: ẹ má dúró de ẹ̀yìn ríro. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ẹ̀yìn ń ro, iṣan tàbí egungun ẹ̀yìn ló ń dà á láàmú. Kídìnrín kì í ké. Díẹ̀díẹ̀ ló ń bàjẹ́, láìsí ìrora, títí iṣẹ́ tó lè ṣe á fi ṣẹ́ ku táńtán. Ìtọ̀ tó ń hó bí omi ọṣẹ tí ìfófòó rẹ̀ kò tètè parẹ́, ojú tó wú láàárọ̀, ẹsẹ̀ tó wú nírọ̀lẹ́, títọ̀ lóru léraléra: àwọn wọ̀nyí ni ó yẹ kó lé yín dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ẹlòmíràn kì í tilẹ̀ rí ọ̀kankan nínú wọn. Ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà kò gbọdọ̀ dúró de àmì kankan.

Èkejì: ẹ má fi sikáànì nìkan tẹ́ ara yín lọ́rùn. Sikáànì ń fi bí kídìnrín ṣe tóbi tó hàn, kò lè sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Mo ti rí ìwé sikáànì tí wọ́n kọ "kò sí ìṣòro" sí, lọ́wọ́ ẹni tí a fi sórí ẹ̀rọ lọ́jọ́ kejì. Nǹkan mẹ́ta ni kí ẹ béèrè fún: kí wọ́n wọn ìfúnpá yín, kí wọ́n wo albumin (irú purotéènì kan) inú ìtọ̀ yín, kí wọ́n sì wo creatinine inú ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n fi ṣírò eGFR, òǹkà tó ń sọ bí kídìnrín ṣe ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó. Bí eGFR bá wà lábẹ́ 60 fún oṣù mẹ́ta, àìsàn kídìnrín ti wọlé. Bí ó bá wà lábẹ́ 15, omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Ẹ tọ́jú gbogbo ìwé àyẹ̀wò yín pa mọ́, nítorí bí òǹkà náà ṣe ń lọ láti ọdún dé ọdún ni dókítà fẹ́ rí.

Ẹ̀kẹta ni èyí tó ń dùn mí jù. Oògùn tó ń fọ kídìnrín.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Kídìnrín gan-an ni alágbàfọ̀. Omi tí kídìnrín méjèèjì ń sẹ́ lójúmọ́ tó bíi lítà 180, tí wọ́n á dá èyí tó pọ̀ jù padà sínú ara, tí lítà kan tàbí méjì á jáde bí ìtọ̀. Kò sí ohun tí ẹ lè mu tí yóò wọlé lọ fọ alágbàfọ̀ yìí bí ẹni fọ ìkòkò. Ohun tí ẹ bá mu, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sẹ́ ẹ. Bí májèlé bá wà nínú rẹ̀, òun ni yóò kọ́kọ́ jìyà rẹ̀.

Wọ́n á ní, "Ṣebí ewé ni, kò sí kẹ́míkà níbẹ̀." Ní 1993, àwọn dókítà ní Brussels, ní orílẹ̀-èdè Belgium, kọ̀wé nípa àwọn obìnrin tí kídìnrín wọn ń kú kíákíá. Ohun tó pa gbogbo wọn pọ̀ ni pé ibì kan náà ni wọ́n ti gba oògùn tí wọ́n fi ń dín ìsanra kù, egbòogi ilẹ̀ China sì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tú u wò, ewéko tí wọ́n ń pè ní Aristolochia ni wọ́n bá níbẹ̀. Iye àwọn tó kó sí i lé ní ọgọ́rùn-ún níkẹyìn, jẹjẹrẹ sì mú nínú wọn lójú ọ̀nà ìtọ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ewé ni, kẹ́míkà tó pa kídìnrín sì wà nínú ewé.

Mi ò bá ewé jà o. Ìyá tó bí bàbá mi ta àgbo ní Bẹẹrẹ títí tó fi dàgbà kọjá iṣẹ́. Ó ń wo ojú ẹni, ó ń béèrè ọ̀rọ̀, ó sì mọ orúkọ gbogbo ohun tó wà nínú ìkòkò rẹ̀. Bí ara ẹni bá wú, kì í tà fún un. Á ní kó lọ sí ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́. Àwọn tó ń ta ìgò lónìí kì í wo ojú ẹnikẹ́ni. Wọn kì í kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ síta. Ìwọ̀n kan náà ni aláìsàn àti ẹni tí ara rẹ̀ le ń mu, ìyá olóyún àti arúgbó. Nígbà tí ẹsẹ̀ bá wá wú sí i, wọ́n á ní àìsàn náà ló ń jáde lára, kí ẹ ra ìgò mẹ́ta sí i. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe sọ fún ìyàwó mẹkáníìkì yẹn. Mọ́tò tó fi ń ṣe káràkátà ni wọ́n tà kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Ẹ̀kẹrin: oògùn ìrora. Èmi náà jẹ̀bi lórí èyí, mi ò sì ní bò ó mọ́lẹ̀. Odidi ọdún méjì ni mo fi ń ra diclofenac fún ìyá mi nítorí orúnkún. Màmá ń lo lisinopril fún ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n tún ń lo oògùn tó ń mú ni tọ̀. Àwọn mẹ́ta yìí pa pọ̀ máa ń fún kídìnrín lọ́rùn, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìrora màmá mi ni mò ń wò. Lọ́jọ́ tí mo yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, eGFR wọn jẹ́ 38. Mo sunkún nínú lábù. A dá diclofenac dúró, dókítà tún àwọn oògùn yòókù tò, ó sì ti dúró sí 41 báyìí. Ibuprofen, diclofenac, piroxicam àti àwọn oògùn pípò tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá kékeré ní kẹ́míìsì, ẹ fura sí gbogbo wọn.

Ọṣẹ àti ìpara ìbóra tí mercury wà nínú rẹ̀ náà ń ba kídìnrín jẹ́. Láti 1972 ni àwọn dókítà ní Nairobi ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tún wà. Bí lisinopril bá ń mú yín wúkọ́, ẹ má jù ú nù, ẹ sọ fún dókítà kó fi irú losartan rọ́pò rẹ̀. Bí creatinine bá sì gòkè díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ má sá. Bí kò bá kọjá ìdá 30 nínú 100, dókítà lè ní kí ẹ máa bá a lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Obìnrin tó bá lóyún tàbí tó ń wá oyún gbọ́dọ̀ tètè wí, nítorí àwọn oògùn yìí kò dára fún ọmọ inú.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ìwádìí tuntun, torí ibẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń ṣìnà. Láti March 2024 ni wọ́n ti ń fi fídíò kídìnrín ẹlẹ́dẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Òótọ́ ni. Ní Boston, wọ́n fi kídìnrín ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n tún jíìnì rẹ̀ (àbùdá àjogúnbá) ṣe sí ara Richard Slayman, ọmọ ọdún 62, ó sì lò tó bí oṣù méjì kó tó kú. Ilé ìwòsàn ní kò sí àmì pé kídìnrín ọ̀hún ló pa á. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹbí kan sọ fún mi pé àwọn fẹ́ dá dáyálísíìsì bàbá wọn dúró kí wọ́n lè tọ́jú owó de ti ẹlẹ́dẹ̀. Bàbá kò lè dúró tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìfọ ẹ̀jẹ̀.

Ìròyìn tó yẹ kí ẹ pariwo rẹ̀ ni ti oògùn oníhóró. Ní 2020, wọ́n dán dapagliflozin, oògùn ìtọ̀ ṣúgà kan, wò lára ènìyàn 4,304 tó ní àìsàn kídìnrín, ìdá kan nínú mẹ́ta wọn ni kò sì ní ìtọ̀ ṣúgà rárá. Ewu pé kí kídìnrín bàjẹ́ gidi tàbí kí àìsàn kídìnrín tàbí ti ọkàn pa ènìyàn fi ìdá 39 nínú 100 dín kù. Ní 2022, ti empagliflozin jáde, ènìyàn 6,609, òun náà ṣiṣẹ́. Ní 2024, abẹ́rẹ́ semaglutide dín ewu náà kù pẹ̀lú ìdá 24 nínú 100 lára àwọn onítọ̀ ṣúgà tó ní àìsàn kídìnrín. Kò sí èyí tó ń jí kídìnrín tó ti kú dìde nínú wọn. Wọ́n ń fa ọwọ́ ìparun sẹ́yìn ni, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ tètè dé. Ẹ má sì lọ dá a rà ní kẹ́míìsì: ẹni tó ń gbààwẹ̀, tó ń bì tàbí tó ń ṣu gbuuru lè ní láti dá a dúró ná, dókítà ló sì máa sọ ẹni tí kò yẹ fún.

Ọ̀rọ̀ jíìnì APOL1 náà wà. Ẹ̀dà rẹ̀ tí wọ́n rí ní 2010 wọ́pọ̀ gan-an láàárín wa, torí ó ń dáàbò bo ara lọ́wọ́ irú kòkòrò kan tó ń fa àìsàn sùnrunsùnrun. Ní October 2024 ni ìwádìí lára ènìyàn 8,355 ní Nàìjíríà àti Ghana jáde: bí ènìyàn 30 nínú 100 ló gba ẹ̀dà méjì, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá, ó sì fi ìdá 25 nínú 100 mú kí ó ṣeé ṣe sí i láti ní àìsàn kídìnrín. Ẹ̀dà kan ṣoṣo, tí wọ́n ti rò pé kò ṣe nǹkan, fi ìdá 18 kún un. Ẹnì kan gbọ́ èyí, ó ní òun ò lo oògùn mọ́, àyànmọ́ ni. Rárá o! Ọ̀pọ̀ jù lọ ẹni tó ní ẹ̀dà méjì kò ní ní àìsàn náà. Ibi tí àyẹ̀wò yìí ti wúlò gan-an ni tí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bá fẹ́ fún yín ní kídìnrín rẹ̀ kan: ẹ bi dókítà bóyá ó yẹ kó kọ́kọ́ ṣe é, kí ẹ má bàa gba aláìsàn kan là kí ẹ fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Ẹ má sáré gba ẹ̀jẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá lọ sílẹ̀. Ó lè mú kó ṣòro láti rí kídìnrín tó bá ara yín mu lọ́jọ́ iwájú. Ẹ béèrè nípa abẹ́rẹ́ erythropoietin, tó ń mú kí ara ṣe ẹ̀jẹ̀, àti iron.

Ẹ má fi dáyálísíìsì sílẹ̀ torí pé ara yá lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ̀rọ ló jẹ́ kó yá. Láti August 2025 ni ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé owó rẹ̀ máa wálẹ̀ láti ₦50,000 sí ₦12,000 ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ kan, UCH n'Ìbàdàn wà nínú wọn. Ẹ lọ béèrè.

Apá tí wọ́n bá ṣe fistula sí, ìyẹn ibi tí wọ́n ti so iṣan ẹ̀jẹ̀ méjì pọ̀ kí ẹ̀rọ lè máa gba ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọn ìfúnpá níbẹ̀ tàbí fa ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Ìyá oníṣòwò kan tí mò ń tọ́jú lọ sí kílíníìkì kan nítorí ibà, wọ́n so ẹ̀rọ ìfúnpá mọ́ apá ọ̀hún, ẹ̀jẹ̀ dì sí i, fistula tí wọ́n fi oṣù mẹ́ta dúró dè kú lálẹ́ ọjọ́ kan. Wọ́n ti ṣe òmíràn sí apá kejì. Okùn pupa ni ìyá so mọ́ ọrùn ọwọ́ náà báyìí, ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kàn án á kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè ohun tí okùn náà wà fún.