Ẹ yọ "they" àti "him" yẹn kúrò

Ẹ̀yin tèmi tó ń múra sílẹ̀ fún IELTS, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì yẹn, ẹ gbọ́ o. Ní Yorùbá, "ọkùnrin tí wọ́n mú" ti tó. Kò sẹ́ni tó máa bèèrè ta ni "wọ́n" yẹn. Àmọ́ tí ẹ bá kọ "the man that they arrested him", "him" yẹn ò níṣẹ́ kankan níbẹ̀, "they" á sì mú kí òǹkàwé máa wá ẹni tó mú un kiri. Ẹ kọ "the man who was arrested", ó parí.

Ẹ tún lè yọ "who was" tàbí "who were": "the people invited to the wedding". Ó kúrú, ó sì dùn ún kà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra! "The woman called yesterday" ti sọ pé obìnrin náà ló pe èèyàn. Tó bá jẹ́ òun ni wọ́n pè, ẹ jẹ́ kí "who was" wà níbẹ̀.

Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni "concerned": ibi tí ẹ bá fi sí ló ń yí ìtumọ̀ rẹ̀ padà. "The person concerned" ni ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. "A concerned person" ni ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀.