Bí ẹ ṣe lè fi VeraCrypt ti fáìlì yín pa

Páásíwọ́ọ̀dù tí ẹ ń tẹ̀ kí Windows tó ṣí kò ṣọ́ fáìlì yín rárá. Àfi bí ẹ bá ti ti odidi dísìkì náà pa (a ó sọ ọ́ nísàlẹ̀), ẹni tó bá tú ìdí láàpútọ́ọ̀pù, tó yọ dísìkì inú rẹ̀, tó sì fi wáyà USB so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀, yóò ka gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni bi í ní páásíwọ́ọ̀dù. Bóyá olè ló gbé ẹ̀rọ náà o, bóyá ẹ gbé e fún ẹni tó ń tún un ṣe o, bóyá ẹ tà á lẹ́yìn tí ẹ ti pa àwọn fáìlì inú rẹ̀ rẹ́ o, ọ̀kan náà ni. Fọ́tò ìwé ìrìnnà, ìwé ilẹ̀, NIN àti BVN gbogbo ẹbí, àkọsílẹ̀ owó oníbàárà: gbogbo rẹ̀ wà ní gbangba.

Encryption ló ń dí ihò yẹn. Ìṣirò ni wọ́n fi ń sọ fáìlì di rúdurùdu tí kò ní ìtumọ̀ sí ẹnikẹ́ni àfi ẹni tó ní páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀. Ó kan ẹni tó ń tọ́jú dátà àwọn ẹlòmíràn ní pàtàkì, torí òfin ìdáàbòbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 dárúkọ encryption láàrin ohun tó yẹ kí a máa fi ṣọ́ ọ.

VeraCrypt, sọ́fítíwià tó ń ṣe encryption, ni a ó lò níbí. Ọ̀fẹ́ ni, kóòdù rẹ̀ wà níta fún ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, macOS àti Linux, ohun tí ẹ bá sì tì lórí ọ̀kan máa ṣí lórí èkejì. Ilé iṣẹ́ IDRIX ní ilẹ̀ Faransé ló gbé e jáde ní 2013 láti ara TrueCrypt, èyí tí àwọn tó ṣe é pa tì ní oṣù karùn-ún 2014. Bí ẹ bá ṣì ní fáìlì tí ẹ fi TrueCrypt tì láyé ọjọ́un, ẹ̀yà 1.26 VeraCrypt àti èyí tó tẹ̀lé e kò ní ṣí i. Ẹ wá 1.25.9, ẹ fi kó ẹrù inú rẹ̀ jáde, kí ẹ tó tún un tì pẹ̀lú ti tuntun.

Ẹ gba VeraCrypt láti ojúlé tirẹ̀ gangan, veracrypt.fr, kì í ṣe láti ojúlé tó ń kó sọ́fítíwià oríṣiríṣi jọ. Lórí Windows, kí ẹ tó fi sórí ẹ̀rọ, ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún máòsì tẹ fáìlì náà, ẹ wọ Properties, ẹ lọ sí Digital Signatures, ẹ tẹ Details. Ó gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé "This digital signature is OK". Bí kò bá sí ojú ewé Digital Signatures yẹn rárá, ẹ jù ú nù. Ẹni tó bá gba ẹ̀yà Mac tó ń lo macFUSE (sọ́fítíwià olùrànlọ́wọ́ kan) ní láti kọ́kọ́ fi macFUSE sórí ẹ̀rọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àpótí kò ní ṣí.

Ṣíṣe àpótí

Ohun tó rọrùn jù ni kí ẹ ṣe àpótí kan: fáìlì ńlá kan ṣoṣo tí gbogbo fáìlì àṣírí yín máa wà nínú rẹ̀. Bí a bá ṣí i, Windows á rí i bíi dísìkì mìíràn. Bí a bá tì í, rúdurùdu ni.

Ẹ kọ́kọ́ ronú nípa bó ṣe máa tóbi tó. Ìwé tí a yà sínú ẹ̀rọ kì í gba àyè, 2 GB á gba ti odidi ẹbí. Fọ́tò àti fídíò ló ń jẹ àyè. Ẹ fi díẹ̀ lé e, torí fífẹ àpótí lẹ́yìn náà ṣe é ṣe pẹ̀lú VeraCrypt Expander lórí Windows, ṣùgbọ́n wàhálà tí kò yẹ ni. Bí orí fíláàṣì lẹ fẹ́ gbé e sí, ẹ wo bí fíláàṣì náà ṣe jẹ́. Ọ̀pọ̀ fíláàṣì jẹ́ FAT32 láti ọjà, FAT32 kì í sì í gba fáìlì kan ṣoṣo tó bá tó 4 GB. Ẹni tó ń gbìyànjú láti ṣe àpótí 10 GB lórí rẹ̀ á máa rò pé VeraCrypt ló bàjẹ́. Ẹ kó ohun tó wà lórí fíláàṣì kúrò, ẹ tún un fọ́mátì sí exFAT, ó parí.

Ó yá. Ẹ ṣí VeraCrypt, ẹ tẹ Create Volume. Ẹ mú "Create an encrypted file container", lẹ́yìn náà "Standard VeraCrypt volume". Èyí tí wọ́n ń pè ní Hidden, ẹ fi í sílẹ̀: àpótí inú àpótí ni, ẹni tí kò bá sì mọ̀ ọ́n lò dáadáa lè fi fáìlì tòde tẹ tinú mọ́lẹ̀ kí ó bà á jẹ́.

Nígbà tó bá béèrè ibi tí àpótí máa wà, ẹ wọ fódà tí ẹ fẹ́, ẹ kọ orúkọ tuntun síbẹ̀. Ẹ má ṣe tẹ fáìlì kan tó ti wà tẹ́lẹ̀ o. Àwọn kan ń rò pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú fáìlì tí wọ́n fẹ́ tì. Rárá, VeraCrypt máa nù ún nù ni, á sì fi àpótí òfìfo rọ́pò rẹ̀. Ó máa ń kìlọ̀ kó tó ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló ń ka ìkìlọ̀?

Ní ojú ewé tó tẹ̀lé e, ẹ fi AES (ìṣirò tó ń sọ fáìlì di rúdurùdu) àti SHA-512 (èyí tó ń lọ páásíwọ́ọ̀dù kúnná) sílẹ̀ bí ó ṣe bá yín. Kò sí èrè kan nínú kí a to oríṣi mẹ́ta léra. Ẹ̀rọ á kàn máa falẹ̀ ni. Ẹ kọ ìwọ̀n, ẹ tẹ Next, ó kan páásíwọ́ọ̀dù.

Páásíwọ́ọ̀dù gan-an

Kò sẹ́ni tó máa jókòó tú AES. Páásíwọ́ọ̀dù ni wọ́n á máa méfò, kọ̀ǹpútà ló sì máa bá wọn méfò rẹ̀ tọ̀sán-tòru. VeraCrypt máa ń ráhùn bí tiyín kò bá tó lẹ́tà 20. Ó gbà títí dé 128.

Òwe, oríkì, ẹsẹ Bíbélì tàbí ti Kùránì, orin ìjọ, orúkọ ọmọ pẹ̀lú ọdún tí a bí i: ẹ má lò ó, bó ti wù kó gùn tó. Ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ni ẹni tó ń méfò máa kọ́kọ́ dán wò. Ọ̀rọ̀ mẹ́fà tàbí méje tí kò bá ara wọn tan ló dára. Ẹ ṣí ìwé atúmọ̀ èdè láìwo ibi tí ẹ ṣí, ẹ fi ìka lé e, ẹ kọ ọ̀rọ̀ tó bọ́ sí abẹ́ ìka, kí ẹ sì má ṣe pààrọ̀ rẹ̀ torí pé kò dùn. Irú rẹ̀ nìyí: lekeleke patako ofi agbada iyere kannakanna. Lẹ́tà 43 ni, pẹ̀lú àlàfo àárín, ó sì rọrùn láti há sórí ju X7#q lọ. (Ẹ má mú èyí o, ó ti di ti gbogbo ayé.)

Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí àmì lórí rẹ̀. Lẹ́tà bíi ọ́ tí ojú wa rí bí ẹyọ kan, kọ̀ǹpútà lè kọ ọ́ ní ọ̀nà tó ju ẹyọ kan lọ: kíbọ́ọ̀dù kan á kọ ọ kí ó tó fi àmì òkè lé e, òmíràn á kọ ó kí ó tó fi àmì sí abẹ́ rẹ̀. Ojú ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n páásíwọ́ọ̀dù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n lọ́dọ̀ VeraCrypt. Ẹ ṣe àpótí lórí ẹ̀rọ kan, ẹ lọ ṣí i lórí òmíràn, ó kọ̀ jálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ kò sì ṣi ọ̀rọ̀ kankan kọ. Ohun kan náà ló ń mú kí àwọn àmì bíi @ léwu: lórí láàpútọ́ọ̀pù tí wọ́n kó wá láti Ìlú Ọba, @ àti àmì ìfàyọ̀ (") ti gba ipò ara wọn sí ti kíbọ́ọ̀dù Amẹ́ríkà. Lẹ́tà a sí z àti àlàfo ti tó.

PIM, nọ́ńbà àfikún tí ẹ lè fi kún páásíwọ́ọ̀dù, ẹ má kọ nǹkan kan síbẹ̀. Ẹni tó bá kọ nọ́ńbà sí i ti ní páásíwọ́ọ̀dù kejì tó gbọ́dọ̀ máa rántí.

Ẹ kọ páásíwọ́ọ̀dù náà sórí ìwé, ẹ fi í sínú àpòòwé, ẹ lẹ̀ ẹ́ pa, ẹ fún ẹni tí ẹ fọkàn tán tàbí kí ẹ tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ilẹ̀ yín. Kò sí "mo gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù mi" níbí. Àwọn tó ṣe VeraCrypt fúnra wọn kò lè ṣí i fún yín, ẹni tó bá sì ní òun lè bá yín ṣí i ní ọjà kọ̀ǹpútà ń wá owó ni.

Fọ́mátì, ṣíṣí àti pípa

Ó máa béèrè bóyá fáìlì tó ju 4 GB lọ máa wọ inú rẹ̀, lẹ́yìn náà ó máa ní kí ẹ yan irú fáìlìsísítẹ̀mù. Bó bá jẹ́ Windows nìkan lẹ ń lò, ẹ mú NTFS, torí ó ń fara da kí iná ṣàdédé lọ. Bí Mac bá wà níbẹ̀, ẹ mú exFAT. Ẹ má fọwọ́ kan Dynamic. Ẹ wá máa yí máòsì káàkiri lórí fèrèsé yẹn láìlétò títí ìlà ìsàlẹ̀ á fi kún. Ìrìn ọwọ́ yín yẹn wà lára ohun tí ó ń fi ṣẹ̀dá kọ́kọ́rọ́. Ẹ tẹ Format. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń já àwọn èèyàn láyà, àmọ́ inú àpótí nìkan ló ń fọ́mátì, kò kan dísìkì yín.

Láti ṣí i: ẹ mú lẹ́tà kan nínú àkójọ, bíi V, ẹ tẹ Select File, ẹ mú àpótí, ẹ tẹ Mount, ẹ kọ páásíwọ́ọ̀dù. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀. Mímọ̀ọ́mọ̀ ni: ìgbà 500,000 ló ń lọ páásíwọ́ọ̀dù yẹn kó tó lò ó, kí ẹni tó ń méfò lè jìyà lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ń pẹ́ jù fún yín, ẹ yan SHA-512 níbi tí wọ́n kọ PRF sí, kó má baà máa dán gbogbo yòókù wò. Dísìkì V á yọ sí This PC.

Ẹ tì í kí ẹ tó yọ fíláàṣì, kí ẹ sì tó dìde nídìí ẹ̀rọ: Unmount, tàbí Dismount bí ẹ̀yà yín bá ti pẹ́. Ní gbogbo ìgbà tí àpótí bá wà ní ṣíṣí, kò sí ààbò kankan. Fáírọ́ọ̀sì lè ka inú rẹ̀ bí ẹ ṣe ń kà á. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ẹ ṣí i ní kafé. Ẹ lọ sí Settings, Preferences, ẹ ní kí ó máa ti ara rẹ̀ bí ẹ̀rọ bá fẹ́ sùn tàbí bí ẹnikẹ́ni kò bá lò ó fún ìṣẹ́jú 15. Hibernate burú jù, torí ó ń da gbogbo ohun tó wà nínú RAM sórí dísìkì, kọ́kọ́rọ́ àpótí sì lè wà níbẹ̀. Ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí administrator, ẹ kọ `powercfg /h off` láti fi pa Hibernate.

Kíkó fáìlì sínú àpótí kò pa ti tẹ́lẹ̀ rẹ́. Ẹ pa á rẹ́, ẹ da Recycle Bin nù, ẹ wá kọ `cipher /w:C:\` sínú Command Prompt, kí ó fi nǹkan mìíràn bo àyè òfìfo. Ó ń gba wákàtí. Lórí dísìkì ayíbírí àtijọ́ (HDD), ó ṣe é gbọ́kàn lé. Lórí SSD, dísìkì tuntun tí kò ní ohun tó ń yí nínú, kò dájú tó bẹ́ẹ̀, torí SSD fúnra rẹ̀ ló ń pinnu ibi tó ń kọ nǹkan sí. Ìdáhùn SSD ni kí ẹ tì odidi dísìkì pẹ̀lú BitLocker, encryption tó wà nínú Windows fúnra rẹ̀, bí Windows yín bá jẹ́ Pro, tàbí Device encryption bí Home yín bá ní in, kí àpótí sì wà nínú rẹ̀. Ẹ tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà BitLocker, oní-nọ́ńbà 48 yẹn, sórí ìwé kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ fún ẹnikẹ́ni tún ṣe. Bí wọ́n bá pààrọ̀ mọ́dábọ́ọ̀dù, òun ló máa béèrè.

Ohun tó sábà máa ń yíwọ́

Ẹ̀dà tí kò yí padà. VeraCrypt kì í jẹ́ kí ọjọ́ tó wà lára àpótí yí padà bí ẹ tilẹ̀ kó fáìlì tuntun sínú rẹ̀. Sọ́fítíwià tó ń gbé fáìlì lọ sórí Google Drive tàbí Dropbox á wo ọjọ́, á ní kò sí ohun tuntun, á kọjá lọ. Ẹ̀dà oṣù mẹ́fà sẹ́yìn lẹ máa bá níbẹ̀ lọ́jọ́ tí dísìkì bá kú. Ẹ yọ àmì kúrò níwájú "Preserve modification timestamp of file containers" nínú Preferences. Ẹ tún ní ẹ̀dà kan lórí dísìkì tí kò sí lára ẹ̀rọ, ẹ sì máa ṣí i wò.

Orí àpótí tó bàjẹ́. Ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì náà ni kọ́kọ́rọ́ gidi wà, páásíwọ́ọ̀dù yín kàn ń ṣí ibẹ̀ ni. Bí ibẹ̀ bá bàjẹ́, páásíwọ́ọ̀dù tó tọ̀nà á di èyí tí kò tọ̀nà. Ẹ wo Caps Lock ná. Lẹ́yìn ìyẹn, Tools, Restore Volume Header: ẹ̀dà kan wà ní ìparí àpótí fúnra rẹ̀. Backup Volume Header ń ṣe òmíràn tí ẹ lè gbé pamọ́ síbòmíràn.

Fíláàṣì tí ẹ tì lódindi. Bí ẹ bá tì gbogbo fíláàṣì dípò kí ẹ ṣe àpótí sórí rẹ̀, Windows kò ní dá a mọ̀, á sì máa sọ ní gbogbo ìgbà pé "You need to format the disk". Ẹ tẹ Cancel. Ọmọdé tàbí akọ̀wé yín tó bá tẹ Format ti pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Nítorí èyí nìkan, àpótí sàn fún fíláàṣì tí ọwọ́ púpọ̀ ń kàn.

Páásíwọ́ọ̀dù tó ti jò. Yíyí páásíwọ́ọ̀dù padà kò yí kọ́kọ́rọ́ gidi inú àpótí padà. Ẹni tó bá ní ẹ̀dà orí àpótí láti ìgbà yẹn lè fi páásíwọ́ọ̀dù àtijọ́ ṣí ti òní. Bí ẹnikẹ́ni bá ti rí páásíwọ́ọ̀dù yín, ẹ ṣe àpótí tuntun, ẹ kó ẹrù lọ síbẹ̀, ẹ sì pa ti àtijọ́ rẹ́ pẹ̀lú gbogbo ẹ̀dà rẹ̀.